Bùútù Ló Ń Bó Mi Lẹ́sẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ni Mo Pè Ní Àjẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo sọ. Bí ẹ bá rí mi lónìí ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa, tí mo wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí mo de bẹ́líìtì, tí mo ń rìn kiri nínú bùútù bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti dáa. Ó sì dáa lóòótọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi ni olórí gbogbo obìnrin tó ń ṣọ́ géètì báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó jáde lẹ́nu mi lójú gbogbo èèyàn, sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rárá. Bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń jẹun, mo máa ń dá òkèlè padà sínú àwo. Kí ló kó mi sí i? Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló gba ọgbọ́n lórí mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹbí ọkọ mi ní Mákun, ní Ṣàgámù níbí, là ń gbé. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, àmọ́ nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ tà á, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri Èkó, ìparí oṣù nìkan la sì ń rí i. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, Bùkọ́lá tó jẹ́ àkọ́bí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nínú ilé yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sábó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú Rónkẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Obì gbànja ló ń tà ní Sábó, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ yẹn. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, á dá yín lóhùn, á sì tẹjú mọ́ apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ padà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé inú ló ń bí i. Èmi náà wà lára àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ọdún mọ́kànlá gbáko la ti jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan.

Ìròyìn wá kàn pé ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù ìbolé, lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, ń wá obìnrin tí yóò máa ṣọ́ géètì, nítorí kò bójú mu kí ọkùnrin máa yẹ ara obìnrin wò. Èmi lọ, Rónkẹ́ náà lọ. Wọ́n mú èmi àti obìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Kẹ́mi. Wọn kò mú Rónkẹ́, wọ́n ní ara rẹ̀ ti fúyẹ́ jù. Ìyá Sábó kò kí mi kú oríire. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ pé bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, "hẹn" lásán ni mo ń gbọ́. Ibẹ̀ ni èṣù ti rí àyè wọlé sí mi lọ́kàn.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á wọlé pátápátá. Ọ̀gá wa ní géètì jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Sájẹ́ǹtì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ló ti ka òfin fún wa. Etí páànù mú bí abẹ, nítorí náà ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí nínú ọgbà láìwọ bùútù onírin, ọ̀nà ilé rẹ̀ ni yóò gbà lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà bá pé, òun yóò mú wa rìn yí ògiri ọgbà náà ká láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun yóò sì máa wo ẹsẹ̀ wa. "Ẹni tó ń tiro kò lè lé olè," báyìí ló wí, ó sì wo èmi àti Kẹ́mi bíi pé ó ti mọ bí yóò ṣe parí. Ni wọ́n bá mú wa lọ gba bùútù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ṣe gbogbo bùútù yẹn fún. Èyí tó kéré jù ni wọ́n jù sí mi. Awọ dúdú tó le bíi pákó, irin níwájú níbi ọmọ ìka, aṣọ funfun tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Mo gbé e dání lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ tuntun, àwọn ọmọ mi ń fọwọ́ pa á lára.

Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ẹsẹ̀ tí bàtà fẹ́ràn. Egungun kan yọ ní ìdí àtàǹpàkò mi méjèèjì bí èkùrọ́, bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ ìyá mi náà nìyẹn. Nínú sálúbàtà, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n nínú bùútù yẹn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyà. Ibi mẹ́ta ni: ìdí àtàǹpàkò, egungun kókósẹ̀, àti orí ẹsẹ̀ níbi tí okùn bàtà ti ń kọjá. Kò séyìí tó tóbi ju orí ìka lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú mi títí dé eyín. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, ó tún há sí i. Mo fi òwú sí i, òwú dì bí òkúta. Mo fi àdín pa ẹsẹ̀, mo fi òrí pa á. Mo da omi sínú bùútù, mo sá a sóòrùn pé kó lè rọ̀, nígbà tó gbẹ, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi jù ú lọ, gìgísẹ̀ mi ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ ìka mi sì ń kọlu irin. Mo dá a padà, mo gba ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bó bá ṣe ń dùn mí tó ni mo ń fa okùn rẹ̀ le tó, mo rò pé bí ẹsẹ̀ kò bá mira, kò ní dùn mí mọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà níta, tèmi ni mo ń lò.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo ti ń tiro. Tí Sájẹ́ǹtì bá ń bọ̀, mo máa ń fara ti ògiri bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà. Èékánná àtàǹpàkò mi kan ti di dúdú. Mo ń ro oúnjẹ àwọn ọmọ, mo ń ro ọkọ mi tí kò tíì ríṣẹ́, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá lé mi, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀. Ọjọ́ kan tí èmi àti Kẹ́mi jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi tó wú, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ẹsẹ̀ kì í dédé rí báyìí o. Bùútù kan náà ni èmi ń wọ̀. Ẹ ronú dáadáa, ṣé ẹ ò tẹ nǹkan?" Ọ̀rọ̀ kékeré, àbí? Àmọ́ ó wọ inú mi lọ, ó jókòó síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mo lè ti tẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta obì á mọ èyí. Tí wọ́n bá ti fọ́ obì kúrò nínú apó rẹ̀, awọ funfun kan máa ń wà lára rẹ̀. Inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú kí awọ náà lè rà, kí wọ́n tó bó o, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi ewé gbòdògì dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Ìyá Sábó á gbé omi obì yẹn, á dà á sí ẹnu ọ̀nà àbájáde wa kí eruku má baà fò sára obì tó fẹ́ tẹ́ síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ló ti ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tẹ omi náà kọjá, ohunkóhun kò ṣe mí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n mú tí wọn kò mú ọmọ rẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi yẹn pẹ̀lú ojú mìíràn. Àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kí ló dé tó fi pọ́n? Mo gbàgbé pé obì ni.

Mo kọ́kọ́ ń fò ó kọjá. Lẹ́yìn náà, mo ní bóyá òjìji mi ṣì ń kàn án, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta, tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó de bẹ́líìtì, tó gbé bùútù kọ́rùn, tó ń fi ìdí yọ jáde lójú fèrèsé láàárọ̀ kùtùkùtù, tí àwọn aládùúgbò ń bi í pé ṣé kọ́kọ́rọ́ ló sọnù. Ẹsẹ̀ mi kò sì yéé dùn. Ohun tó yẹ kó là mí lójú wà níbẹ̀ gbangba: ní ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá wọ sálúbàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ kì í dùn mí rárá. Ǹjẹ́ ẹ mọ àlàyé tí mo ṣe fún ara mi? Mo ní òògùn náà ń bẹ̀rù ọjọ́ Olúwa. Ẹni tó bá ti fẹ́ gba irọ́ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ẹ̀rí fún irọ́ náà.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dé láti ibi iṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ egbò. Bí mo ṣe dé iwájú ilé, Ìyá Sábó ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbada omi obì, obì pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti ń rẹ ẹ́ láti ọ̀sán. Ó bu omi díẹ̀ wọ́n síwájú ibi tí mo fẹ́ gbà kọjá. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, "Kí ni mo fi ṣe yín? Tìtorí pé wọn kò mú Rónkẹ́ ni ẹ fi ń bomi sí mi lọ́nà? Ẹ fẹ́ kí n rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Àjẹ́ ni yín." Àwọn ayálégbé jáde. Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí, jáde láti yàrá rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́. Rónkẹ́ bú sẹ́kún. Ẹ̀yin obìnrin ilé ọkọ, ẹ mọ ohun tí mo sọ. Kí ìyàwó ilé dúró ní gbangba, kó pe àkọ́bí ilé ní àjẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi omi fọ̀ nìyẹn?

Ìyá Sábó wo ojú mi, ó wo agbada ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu nínú omi náà lójú gbogbo wa. Omi obì korò, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe fún pọ̀. Ó mu ún tó ìgbà mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó gbé ìyókù sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ náà." Mi ò jẹ́ kó rí i. Mo wọ yàrá mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ojú ti ń tì mí nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n padà síta.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí mo gbọ́ kó-kó-kó. Òun ni. Ó gbé ẹní kékeré dání, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ mi, ó jókòó, ó na ọwọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan bí ọmọdé. Ó yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Ibi mẹ́ta péré ni. Ibi tí egungun yọ sí nìkan ni. Òògùn wo ló ń wá egungun?" Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé bùútù náà wá. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó di ojú. Ẹ gbọ́, obìnrin yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣa obì. Bí kòkòrò bá lu ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sára obì, ìka rẹ̀ á mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ìka yẹn náà ló ń rìn lọ nínú bùútù mi. Ó dúró lójú kan. Ó ní, "Wẹ́n rán awọ níbí, wẹ́n sì fi kókó okùn sílẹ̀. Kókó náà ló ń gún ọ ní kókósẹ̀." Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án. Ó le bíi ẹyọ ìrẹsì tútù. Oṣù márùn-ún ni mo fi wọ bùútù yẹn, n kò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan.

Ó ní ti kókó okùn rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn ibi méjì yòókù kò ní kókó, awọ ló há níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ ojú ibẹ̀ gan-an kí aránbàtà má lọ fẹ ibi tí kò ṣẹ̀. Ó mú obì gbànja kan tó pọ́n dáadáa, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí ó fi kúnná, ó tu ú sọ́wọ́, ó sì fi lé ojú ibi tó ń dùn mí gan-an. Ha, ó ta mí! Omijé bọ́ lójú mi. Ó ní kí n wọ bùútù láìwọ ìbọ̀sẹ̀, kí n de okùn, kí n rìn dé ẹ̀yìnkùlé, kí n sì padà. Nígbà tí mo bọ́ ọ, ó fi ọ̀bẹ la ibi tí wọ́n ti rán aṣọ funfun inú rẹ̀ díẹ̀, ó fa aṣọ náà síta. Àbàwọ́n pupa méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan ní ìdí àtàǹpàkò, ọ̀kan lókè níbi okùn. Ẹ mọ̀ pé obì kì í ṣí lára aṣọ. Ó ní, "Ìwọ wò ó. Ibi tí ọ̀tá rẹ ń gbé rèé." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí apẹ̀rẹ̀ obì kan jẹ́, kò fi gún mi rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Málàmù Sání, aránbàtà kan ní Sábó tó ń jókòó nítòsí ibi tó ti ń tajà. Málàmù wo àbàwọ́n náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì kọ lẹ́tà tó ṣe kedere báyìí sí òun rí. Ó ní igi kan tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀. Ó gé awọ kéékèèké, ó fi ìṣó kan wọn mọ́ ara igi náà síbi tó bá àbàwọ́n mu, kí igi náà lè ní egungun bíi tèmi. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ bùútù láti inú, ó fi òòlù ti igi bọ̀ ọ́, ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí n má sá a sóòrùn. Kókó okùn yẹn, ó gé e, ó fi òòlù tẹ́ ojú ibẹ̀. Mo bẹ Kẹ́mi kó bá mi gba iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo padà gba bùútù, ìdí àtàǹpàkò ti dára, kókósẹ̀ ti dára, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn. Mo fẹ́ sunkún. Ìyá Sábó bá tún jẹ obì. Àbàwọ́n bọ́ sí abẹ́ ihò okùn kẹta gan-an. Málàmù ní eléyìí kò nílò igi. Ó tú okùn náà, ó fò ihò kẹta, ó jẹ́ kí okùn gba ẹ̀gbẹ́ gòkè láìkọjá lórí egungun, ó sì ní kí n fà á le lókè níbi ọrùn ẹsẹ̀ nìkan, kí gìgísẹ̀ má baà yọ̀. Ó tún ní ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kó jẹ́ tínrín, kó má ká jọ. Mo dìde, mo rìn. Mo rìn dé ibi tí wọ́n ti ń kó apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀, mo padà. Mo tún lọ. Àwọn tó ń di obì ń wò mí bí ẹni orí rẹ̀ dàrú, àmọ́ mi ò bìkítà. Ẹsẹ̀ mi kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin á rò pé ọjọ́ yẹn ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Rárá o. Ìjẹ́wọ́ ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Sábó lójú ọ̀nà, ní ohùn jẹ́jẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́. Nínú ilé, tí mo ti pè é ní àjẹ́ lójú gbogbo èèyàn, mi ò sọ nǹkan kan. Ayálégbé kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé tí Ìyá Sábó bá ń bọ̀. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ná.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Àwa mẹ́sàn-án ni, ọkùnrin méje àti èmi àti Kẹ́mi. Láti àárọ̀ ni Sájẹ́ǹtì ti mú wa rìn yí ògiri ọgbà yẹn po, lórí òkúta, nínú ẹrẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ páànù tí wọ́n tò. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkùnrin méjì ti ń tiro. Kẹ́mi jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ bàtà, ó tún wọ̀ ọ́. Èmi ń lọ. Oòrùn ń pa mí, òógùn ń wọ mí lójú, orúnkún ń rò mí, mi ò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú bùútù. Nígbà tó ku ìyípo kan, Sájẹ́ǹtì ní kí a sáré. Mo sáré! Èmi tí mo ń fara ti ògiri, mo sáré kọjá lára àwọn ọkùnrin mẹ́rin, mo dé géètì, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣáájú mi. Mo dúró, mo nà ró, mo ń mí. Sájẹ́ǹtì wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Wọ́n gbà mí. Kẹ́mi náà rí i gbà, nítorí Sájẹ́ǹtì ní ó tiro ṣùgbọ́n kò dúró.

Ẹ wá gbọ́ o. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Sájẹ́ǹtì pè mí sẹ́yìn yàrá rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó, ó sì bọ́ bùútù rẹ̀. Èkùrọ́ tó yọ ní ìdí àtàǹpàkò tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, láti inú iṣẹ́ ológun ni mo ti ń gbé e kiri. Kí lẹ fi sí tiyín?" Mo ní obì ni, sà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló jẹ ẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bùútù wá sí Mákun lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wa, wọ́n á na ẹsẹ̀, Ìyá Sábó á jẹ obì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi dùn ún, á sì máa bá wọn wí pé ẹsẹ̀ wọn ń rùn. Ẹni tí mo pè ní àjẹ́, ẹsẹ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ ló wà lórí itan rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn ni ara mi kò gbà á mọ́. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn ayálégbé wà níta, Bàbá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, ọkọ mi náà ti dé láti Èkó. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí omi obì ti rin yẹn gan-an, mo sì gbé ohùn mi sókè tó bí mo ṣe gbé e sókè lọ́jọ́ kìíní. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pe Ìyá Sábó ní àjẹ́ níbí. Irọ́ ni mo pa. Bàtà ló ń há mi. Wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan, àwọn ló wò mí sàn." Ìyá Sábó gbé ẹsẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, mo bínú nígbà tí wẹ́n mú ọ tí wẹn ò mú Rónkẹ́. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe òògùn." Ó sì gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà padà sórí itan, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé wà níbẹ̀, ó sọ orí kodò. Ọkọ mi ló gbé mi dìde.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ ní géètì, èmi ni mo mú Rónkẹ́ lọ, mo sì dúró lé e lórí títí wọ́n fi gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ. Ní gbogbo ọdún tuntun ni mo ń tún kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Sábó, nítorí mo mọ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣà tán. Lọ́dún yìí, mo tún kúnlẹ̀. Ìyá Sábó wò mí, wọ́n ní ṣé kò ì sú mi ni. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí àwọn ti mu omi yẹn, pé èmi nìkan ló ṣì ń gbé e kiri, pé kí n bọ́ ọ sílẹ̀, kí n wá bá àwọn bó obì. Mo dìde, mo jókòó tì wọ́n, a sì bó obì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ǹjẹ́ kí n dákẹ́ báyìí, àbí kí n tún kúnlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?